Ohùn Tó Ń Ti Ẹ̀yìn Wá

Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí Ẹ̀gbọ́n, ó balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì tó yíjú padà, ó ti wà nínú àwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ọmọ tuntun tó ń ṣọ́ gólì. "O rí i tó ń bọ̀, kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè máa pariwo mọ́ àgbà."

Kí lèèyàn fẹ́ fi irú èsì yẹn ṣe? Ẹ̀gbọ́n nu ojú, ó padà sáàyè rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbá ẹ̀yìn kiri ẹgbẹ́ oríṣiríṣi. Bó bá tú ẹrù síbí lónìí, á tún dì í tó bá dọdún tó ń bọ̀. Kò lórúkọ ńlá. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn kóòṣì fi ń gbà á ni pé kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, ó ti mọ ibi tó ń lọ. Eré tó kẹ́yìn sáà nìyí. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kóòṣì yóò sọ àwọn tí yóò dúró, ẹni tó sì ti dàgbà tó o, bí ẹgbẹ́ yìí bá jù ú sílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ṣà á.

Lórí bẹ́ǹṣì ni Rédíò jókòó sí, gólì wọn gan-an, tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Àìmọye ìgbà ni Ẹ̀gbọ́n ti bi í pé, "Ṣé o fẹ́ kí etí mi di ni?"

Nígbà tí wọ́n wọ ìlàjì kejì, Rédíò dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn àwọ̀n.

"Arúgbó, òsì ẹ! Jáde sí i! Ó tó, fi sílẹ̀, tèmi ni! Háà, tọmọ yẹn ni!"

Rẹfirí lé e. Ó rìn díẹ̀, ó wúkọ́, ó tún padà. Gbogbo bó ṣe ń pariwo ni ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ń gbéra kí orí rẹ̀ tó mọ ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kankan ò tún gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará iwájú dá ayò náà padà, wọ́n sì fi ọ̀kan lé e.

Ní yàrá ìmúra, kóòṣì fọwọ́ ba Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. "Ìlàjì kejì yẹn, ojú ẹ ṣì mú. O máa dúró."

"Ẹ ṣé, kóòṣì. Rédíò ńkọ́?"

"Dókítà ní èjìká yẹn ò ní jẹ́ kó ṣọ́ gólì mọ́. Ó ń lọ sílé."

Rédíò ń fi ọwọ́ kan bá síìpù báàgì rẹ̀ jà ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n lóṣòó, ó bá a di báàgì náà mú.

"Wọ́n mú ẹ, àbí?"

"Wọ́n ní ojú mi ṣì mú."

"Òótọ́ ni," ni Rédíò wí, kò sì wo ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ẹni tí ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó bá a fa síìpù náà dé òpin.

"Dúró dè mí," ó ní. "Ẹnu ẹ ni ojú mi. Jẹ́ kí n di tèmi, ká jọ máa lọ sílé."