Ìwọ̀n Ìyẹ̀fun Ìrékọjá

Àkàrà aláìwú náà là ní gbùngbùn, níbi tí àgbélébùú imọ̀ ọ̀pẹ wà gan-an. Sosamma ṣí ìdérí ìkòkò, oru gbá a lójú, ó sì rí i: ó là bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ó ti là," ni Rahelamma, ìyá ọkọ rẹ̀, wí lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ rẹ àkọ́kọ́ nílé wa nìyí, ìyàwó. O kú iṣẹ́."

Lábúlé wọn ní Kẹ́rálà, bí àkàrà Ìrékọjá bá là, wọ́n gbà pé ikú yóò wọ ilé náà kí ọdún tó yí po. Baba ọkọ rẹ̀, tí àìsàn ọkàn ti dè mọ́ àga láti ìgbà Kérésìmesì, ni yóò bù ú fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Sosamma mọ orúkọ tí àdúgbò yóò sọ òun bí ara baba náà kò bá yá.

"Màmá, mo wọ̀n ọ́n. Ẹ ní nááli ìyẹ̀fun ìrẹsì mẹ́rin sí ẹ̀wà lílọ̀ nááli kan."

Nááli ni ife bàbà tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ nínú ilé náà. Sosamma ti ṣe nọ́ọ̀sì rí. Kì í fọkàn tán ife. Ó ti bu ìrẹsì kún un lọ́jọ́ kan, ó gbé e ka òṣùwọ̀n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé: nááli kan, igba gíráàmù ó lé àádọ́ta. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, kílò kan gééré, ló fi wọn ìyẹ̀fun láàárọ̀ yìí.

Rahelamma fi ìgbọ̀nwọ́ ti òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Irin yìí ni kí o bi. Ṣebí òun ni ìyá rẹ."

Sosamma bu ìyẹ̀fun kún nááli, ó gbé e ka òṣùwọ̀n. Àádọ́sàn-án péré. Ìyẹ̀fun yíyan fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ. Nááli mẹ́fà ló ti dà lé ẹ̀wà nááli kan.

"Ẹ dúró níbí nígbà tí mò ń dà á. Ẹ rí i pé ó pọ̀ jù."

"Mo rí i."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ta ló sọ fún èmi?" Rahelamma rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ọdún mẹ́ta ni tèmi fi là. Ìyá ọkọ mi ń wò mí, ó ń ka sáàmù. Lọ́dún kẹta, a sin àkọ́bí mi. Wọ́n ní àkàrà mi ni."

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Sosamma kò lè wo ojú rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó kù kò ju nááli méjì lọ. Ó dín ẹ̀wà kù sí ìdajì, ó pò ó, ó gbé e kaná. Ó wá ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ti ìrẹsì: ìyẹ̀fun, àádọ́sàn-án.

"Ta lò ń kọ ọ́ fún?"

"Ìyàwó ọmọ mi."

Rahelamma pòṣé, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ìrọ̀lẹ́, baba gbàdúrà, ó gbé àkàrà náà sókè. Odidi ni, ṣùgbọ́n ó kéré.

"Ṣé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sè?"

Sosamma yíjú sí ilé ìdáná. Níbo ni àkàrà tó là yẹn wà? Lẹ́yìn ilé, àwọn adìyẹ ń jà lórí nǹkan kan.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ni," ni Rahelamma wí. "Iyọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ tó."

Ó na ọwọ́ gba tirẹ̀. Èérún funfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.