Àárọ̀ Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Ẹni tó bá ní mi ò kì í ṣe ọkùnrin tó, kó kọ́kọ́ wá gbé àpò fùláwà tí mo ń gbé. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì bá ń hanrun, èmi wà nídìí ààrò; ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí búrẹ́dì ti wọ ọkọ̀ tán, ni mò ń lọ sùn.

Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe igi. Ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá délé, oorun á gbé mi lọ kí n tó bọ́ bàtà tán. Ìyàwó mi, aránṣọ ni, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìrọ̀rí ni mo fẹ́, kì í ṣe òun. A jọ ń rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ọmọ kejì là ń wá, ẹ̀rín kì í sì í di oyún.

Àbúrò mi ló ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Alágbára là ń pè é. Ilé ìdárayá ló ní, apá rẹ̀ sì tóbi ju itan mi lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, họ́mónù ọkùnrin ló dín kù lára yín." Bí mo ṣe kúrò nídìí ààrò láàárọ̀, tòun ti fùláwà nínú irùngbọ̀n, mo yà sílé àyẹ̀wò, mo na apá fún wọn. Lóòótọ́, họ́mónù náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó dùn mí wọra.

Alágbára gbé abẹ́rẹ́ họ́mónù náà dé nínú àpò dúdú. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, àpò oògùn tirẹ̀ náà lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń wá ọmọ kiri ilé ìwòsàn.

"Èmi náà ń gbà á o," Alágbára ní. "Ẹ ò rí mi ni?"

Ìyàwó mi gbé àpò dúdú náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. "Ọ̀rọ̀ sunnùkùn, ojú sunnùkùn la fi ń wò ó. Dókítà á kọ́kọ́ bá wa dá sí i."

Dókítà náà, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, bi mí pé, "Ṣé ẹ sùn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín?"

"Rárá. Ṣebí wọ́n ní àárọ̀ ni kí n wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àárọ̀ ẹni tó ti sùn ni, ọ̀gá. Alẹ́ tiyín nìyẹn. Ìgbà tó ti rẹ ara tẹnutẹnu lẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ?"

"A fẹ́ o," ìyàwó mi dáhùn.

"Ẹ má tíì fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ yẹn. Ó ń ṣe àwọn kan lóore, àwọn tí ara wọn ò lè ṣe é mọ́. Àmọ́ tí ara bá ti ń rí i gbà látìta, á káwọ́ gbera, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́. Irúgbìn ọmọ lè tán lára ọkùnrin."

Mo gbàsinmi, mo ń fòru sùn bí ọmọ èèyàn. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ti gòkè. Kò kan òrùlé, àmọ́ ó tó mi. Mo bá ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, mo ní iṣẹ́ ọ̀sán ni mo fẹ́ báyìí. Ó kùn títí, ó gbà. Ta ló máa bá a po fùláwà bíi tèmi?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Alágbára àti ìyàwó rẹ̀ wá kí wa, mo dá àpò dúdú náà padà fún un, mo sì sọ ohun tí dókítà wí. Mo rò pé yóò bá mi jiyàn ni. Ńṣe ló jókòó.

"Tí èèyàn bá dá a dúró ńkọ́?"

"Dókítà ní irúgbìn náà máa ń padà fún ọ̀pọ̀, àmọ́ kì í yá."

Ó wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń bá tèmi sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un, ẹ̀gbọ́n."

"Rárá o. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Màá jókòó tì ọ́."

Ó pè é. Obìnrin náà wọlé, àpò oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Alágbára dìde, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni."