Ohun Tó Jóná Lábẹ́ Àgbàlá Wa

…títí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ti ẹ̀rọ náà dé ẹnu ọ̀nà mi. Ẹ̀rọ yẹn kì í gbẹ́ ilẹ̀. Ohun tó ti jóná rí ló ń wá. Bó bá rí i nísàlẹ̀, á yọ dúdú lórí àwòrán. Gbogbo oko Kantir, abúlé wa, funfun. Àgbàlá tèmi nìkan ló dúdú, róbótó, bí ojú ẹni tó ń wò mí.

2. ÌKÉDE (wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri mi láì kan ilẹ̀kùn)

Sí Awatif, opó Sabri.
Ó ṣeé ṣe kí ààfin Rámésésì, ọba Íjíbítì àtijọ́, gba abẹ́ ilé yìí kọjá. Ohun ńlá kan jóná níbẹ̀. A ó gbẹ́ àgbàlá náà wò.
Bó bá jẹ́ ti ọba, ilé yìí yóò wó.
A ó fún yín ní ilé mìíràn níbòmíràn.

3. (Mo fi gègé kọ ọ́ sábẹ́ ìkéde náà)

Ibòmíràn níbo?

4. FÓÒNÙ. Èmi àti Karam, ọmọ mi, tó ń wa ọkọ̀ ní Alẹkisáńdíríà

KARAM: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà.
ÈMI: Ta ló ń jà? Mo kàn jókòó síbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ni.
KARAM: Ẹ jókòó síbẹ̀?
ÈMI: Lórí àga. Pẹ̀lú tíì mi.
KARAM: Ìyá!
ÈMI: Ọba ti kú, Karam. Èmi ò tíì kú. Ta ló yẹ kó kó kúrò fún ẹnì kejì?

5. Láti ojú fèrèsé: Àlájà Tafida, ìyá ọkọ mi, tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́

Ṣé sàréè mi lẹ ń gbẹ́ yẹn? Ẹ sinmi ná. Mo ṣì ń jẹun.

6.

Basyuni ni ọ̀gá wọn. Ó tín-ínrín bí igi ìdáná. Ó bẹ̀ mí, mo dìde. Rárá. Ó gbé mi pẹ̀lú àga ni. Rárá, mo dìde fúnra mi, torí pé tíì ti tán.

Mo po tíì mìíràn, mo fún un. Ó ń da ṣúgà sí i bíi pé oko ìrèké bàbá rẹ̀ ni.

"Ìyá Karam, inú mi náà ò dùn sí i."

"Inú ẹ kọ́ ni wọ́n máa wó."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

7. Bó ṣe ń jáde

ilẹ̀ tí mò ń gbá láràárọ̀

  erùpẹ̀

    amọ̀

      amọ̀ pupa

        eérú

Àwọn tó ń gbẹ́ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn ilé mi mú, bíi pé ó fẹ́ sá lọ.

8. Láti inú ẹ̀rọ tí Basyuni fi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀

BASYUNI: Ògiri róbótó. Amọ̀ tó jóná gan-an. Eérú tó nípọn. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, ó ti di èédú. Nǹkan kan tún wà lórí eérú yìí. Ó ní eyín.
ÈMI: Eyín?
BASYUNI: Ẹ dúró… Òòyà ni.
ÈMI: Òòyà ayaba?
BASYUNI: Òòyà rọ́bà.
(Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní èmi ni.)
ÀLÁJÀ, láti ojú fèrèsé: Ṣé aláwọ̀ ewé ni?
BASYUNI: Bẹ́ẹ̀ ni, Àlájà.
ÀLÁJÀ: Ṣé eyín rẹ̀ ti kán lápá kan?
BASYUNI: Ó ti kán, mà.
ÀLÁJÀ: Yéè! Nazira ò jí i!

9. Àlájà, ní ẹnu ara rẹ̀

Ààrò ìyá ọkọ mi ni. Gbogbo agbo ilé ló ń yan búrẹ́dì níbẹ̀. Nígbà tí ààrò onígáàsì dé, a dí i, a tẹ ilẹ̀ lé e lórí. Ta ló ń rántí ààrò? Ọ̀sẹ̀ yẹn ni òòyà mi sọnù. Mo ní Nazira, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ló jí i. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.
Ẹ gbé òòyà mi wá.

10.

Ní Kantir, ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ọba la máa ń pè é. Ẹnikẹ́ni ò rò pé ó lè jẹ́ tiwa.

11.

"Ààrò ni," ni Basyuni wí. "Ọkàn yín á balẹ̀ wàyí."

Kò tíì balẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n wo abẹ́ ààrò náà. Ó kó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Ẹ̀bá odò Náílì nìyí, ilẹ̀ wa kò jìn sómi.

Kí omi tó bo ibẹ̀, mo rí i.

Búlúù. Ó ń dán. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Etí rẹ̀ gún bí etí ohun tí ẹnì kan fọwọ́ gé. Irú rẹ̀ kì í sí nínú ààrò, àfi lára ògiri ààfin.

Mo gbójú sókè. Basyuni ń wo ibi tí mò ń wò.

Tàbí èmi ló ń wò.

"Omi ti dé," ló wí. "Ẹ da erùpẹ̀ padà."

12.

Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó dí kòtò, wọ́n á fi ohun ayé òde òní sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn lè mọ̀ pé ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú òun. Basyuni ń wá ike omi tó ti ṣófo.

Àlájà na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé. Òòyà wà níbẹ̀. Ó ti fi ya irun rẹ̀.

"Èyí ni kí ẹ fi síbẹ̀."

"Àlájà, ẹ̀yin lẹ ní ká gbé e wá."

"Mo ti rí i. Ó ku Nazira. Bóyá òun náà á rí i."

13. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí Karam

Karam, a ṣì wà nílé o. Mi ò sunkún.
Irọ́ ni. Mo sunkún títí imú mi fi wú. Wá jẹ oúnjẹ.

14. ÌKÉDE (lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kan ilẹ̀kùn)

Ohun tó jóná náà: ààrò agbo ilé. Ilé lè dúró.
Ohun tó wà lábẹ́ ààrò náà, bó bá wà, a ó padà wá wò ó nígbà tí omi bá fà.

15. (Gègé mi, sábẹ́ rẹ̀)

Omi Kantir kì í fà.