Wáyà Inú Ọkàn Bàbá Ìdùnnú

Ẹni tó bá rí Fágbénró nínú ẹ̀wù òtútù lójú oòrùn ọ̀sán ní Ìmàṣàyí á rò pé nǹkan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ló ń dá. Lábẹ́ awọ àyà rẹ̀, níbi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ sí, ara ti wú, ọyún sì ń jáde. Kò fẹ́ kí Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ mọ̀, kí wọ́n má baà yọ ẹ̀rọ tó jẹ́ kó lè padà sóko. Ọjọ́ tó ṣubú sáàárín ẹ̀gẹ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí kò lè mí dáadáa, ni àṣírí tú.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà Lábísí ní àrùn ti gba ara wáyà ẹ̀rọ náà wọ inú ọkàn.

“Màmá, gbogbo rẹ̀ la gbọ́dọ̀ yọ. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, oògùn ò ní ràn án.”

Jìnnìjìnnì bo Oyèrónkẹ́. Ó ti pẹ́ tí wáyà ọ̀hún ti wà nínú ọkọ rẹ̀.

“Dókítà, ṣé ẹ ò ní fà á tu bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ líle? Ọkàn á mà ya!”

“Rárá o. A ó kọ́kọ́ tú ẹran tó dì mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀. A ó fi wáyà míì ran ọkàn lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Tí àrùn bá lọ tán, a ó fi ẹ̀rọ tuntun sí i.”

Ó gbà. Bí wọ́n ṣe gbé Fágbénró wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Oyèrónkẹ́ kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Olúwa, tẹ́ ẹ bá dá a padà fún mi, mi ò ní bá a jà mọ́ láé.”

Ẹ̀jẹ́ ńlá ni, torí gbogbo àdúgbò ló mọ ẹnu Oyèrónkẹ́.

Ó pẹ́ kí Dókítà Lábísí tó jáde, tòun tẹ̀rín.

“Wáyà náà ti jáde pátápátá, Màmá. Ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

Oyèrónkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ayọ̀ láìtijú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé, Fágbénró lajú.

“Ìyá Ìdùnnú, ẹ̀wù òtútù mi dà?”

“Ẹ̀wù wo?” Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè kó tó mọ̀. “Ẹ fi ọyún pamọ́ fún mi, Bàbá Ìdùnnú! Ẹ fẹ́ sọ mí di opó nítorí agídí!”

Nọ́ọ̀sì yọjú. Fágbénró rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ìgbà náà ni Oyèrónkẹ́ rántí ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí ẹ̀jẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ó sì ń bá ìjà rẹ̀ lọ.