Ilé Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà

"Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Màmá Tèmídayọ̀ ló bèèrè láti ojú fèrèsé ìsọ̀, abọ́ ògì lọ́wọ́ rẹ̀, ọyẹ́ ti sọ ojú rẹ̀ di funfun díẹ̀ bí ẹni tó fi àtíkè yí i. Fóònù ló wà níwájú Tèmídayọ̀ lórí tábìlì tí bàbá rẹ̀ ti ń kan àga nígbà tó wà láyé. Fídíò tààrà ló ń ṣe lórí Fésìbúùkù, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gíláàsì fóònù náà bí ẹni ń kí àfẹ́sọ́nà.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa, níbikíbi tí ẹ bá wà," ló ń wí.

Màmá wo apá ọ̀tún ìsọ̀, ó wo apá òsì. Àwọn pákó nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé ògì náà sójú fèrèsé, ó mi orí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta, ní ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń wá ọ̀nà gba inú ọyẹ́ kọjá.

Pákó àtòpọ̀ ni Tèmídayọ̀ ń tà. Yóò kun àwòrán sára pákó arère, yóò fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e wẹ́wẹ́ ní wọ́gọwọ̀gọ, ẹni tó bá rà á yóò wá máa tò ó padà títí àwòrán yóò fi pé. Láti kékeré ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ra aago tuntun nílé wọn, yóò tú u palẹ̀ kó tó di alẹ́. Ó ka ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ó jáde, ó sì padà wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá jókòó sí ìsọ̀ káfíńtà bàbá rẹ̀. Àwòrán tó kọ́kọ́ ṣe ni ilé alámọ̀ kan ní ẹsẹ̀ òkè Orólé, igi ìrókò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ebè iṣu níwájú rẹ̀, èéfín lókè rẹ̀.

Àwọn èèyàn yìn ín. Wọ́n tẹ ọkàn pupa, wọ́n tẹ àtàǹpàkò tó nà sókè. Ṣùgbọ́n ká rà á, ẹnikẹ́ni kò rà á.

Ọjọ́ Sátidé ni bọ̀ọ̀dá Elijah, àbúrò bàbá rẹ̀, yóò gbé mọ́tò dé láti Àbújá. Ó ti bá a wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan níbẹ̀. Bí Tèmídayọ̀ kò bá rí ohun gidi kan tọ́ka sí kó tó dé, àpò ni yóò dì, oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan yóò sì gba ìsọ̀ náà. Òun kò kórìíra Àbújá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àárọ̀ tó bá ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ yìí, òórùn pákó á kí i bí ìgbà tí bàbá rẹ̀ ń kí i, kò sì mọ ibòmíràn láyé tí òórùn ti ń kí èèyàn báyẹn.

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ wọn ní òwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí Wáàsáàpù ló gbin èrò kan sí i lọ́kàn. "Ẹni tó bá ń tà fún gbogbo èèyàn, kò tà fún ẹnì kankan," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ fún oníbàárà yín lórúkọ. Ẹ mọ ibi tó ń gbé, ẹ mọ ohun tó ń jẹ láàárọ̀, ẹ mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún."

Tèmídayọ̀ sọ oníbàárà tó finú rò ní Fisáyọ̀. Ó fi í sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó, ó fún un ní ọmọ méjì àti mọ́tò aláwọ̀ eérú, ó ní tíì àti búrẹ́dì ló ń jẹ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ohun tó ń pa á lẹ́kún, kò rí nǹkan kan kọ. Láti ìgbà náà ni Fisáyọ̀ ti ń wá bá a lójú oorun. Inú ọyẹ́ ló máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Orólé, aṣọ rẹ̀ kò ní fi ara kan ilẹ̀, kò sì ní ojú, kò ní imú. Yóò dúró níwájú ìsọ̀. Tèmídayọ̀ á ní, "Kí lẹ fẹ́ rà?" Yóò máa mi ẹnu bí ẹja inú omi, ohùn kò ní jáde.

Ní àárọ̀ Tọ́sidé yìí, bó ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí àwòrán náà, níbi ẹnu ọ̀nà ilé alámọ̀. Nítorí ihò wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ Tusidé ni ẹyọ tí ó ní ẹnu ọ̀nà ti sọnù. Ó ti gbá gbogbo ilẹ̀ ìsọ̀, ó ti na ọwọ́ sí abẹ́ àpótí, ó ti fa àpò ṣòkòtò yọ síta. Màmá rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ilé tí kò lẹ́nu ọ̀nà, àfi kí oníbàárà gba òrùlé wọlé."

Bùsọ́lá, tó ń ránṣọ ní ìsọ̀ kejì, ló ya wọlé, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀.

"Oníṣòwò àgbáyé! Ẹ kú uṣẹ́ o."

"Dákẹ́, fídíò ń..."

Bùsọ́lá ti mú ẹyọ kan nínú pákó náà, ó sì yí i padà. Ẹ̀yìn wọn ni Tèmídayọ̀ fi irin gbígbóná kọ ọ̀rọ̀ sí lọ́jọ́ Tusidé, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa fi kọ́ ìwé kíkà. Màmá rẹ̀ ló ń pè é fún un láti ìdí ààrò, òun sì ń kọ bó ti ń gbọ́.

Bùsọ́lá wo ẹ̀yìn pákó. Ó mú òmíràn. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

"Uṣu! Ugi! Uná! Tíṣà o! Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe!"

Màmá dìde níta, ó sì wọlé. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó kọ́ wọn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bíró pupa rẹ̀ kò jẹ́ kí u kankan sùn síbi tó yẹ kí i wà. Ó gba pákó, ó sún un jìnnà sójú, ó sún un mọ́ ojú.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀yin lẹ pè é, màmá."

"Èmi? Èmi pe uṣu?"

"Tíṣà," ni Bùsọ́lá wí, "ọjọ́ tí mo sọ pé mò ń re ulé, ẹ ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ wo lẹ máa fi dúró lónìí?"

Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín sì mú un. "Ata ló wọ̀ mí lójú lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ẹni tó ń ro ọbẹ̀ kì í rántí gírámà. Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ka yunifásítì, o ò gbọ́ pé ó wọ́?"

Lóòótọ́, Tèmídayọ̀ kò gbọ́ pé ó wọ́. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló ṣe wọ etí rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó ní òun yóò fá gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó fá ẹyọ kan, ó rí i pé pákó náà ti fẹ́lẹ́ jù, kò ní lè bá èkejì rẹ̀ dọ́gba mọ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀. Bùsọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá gbé abọ́ ògì wọ ilé lọ.

Tèmídayọ̀ gbórí lé tábìlì. Oorun ọ̀sán gbé e, oorun fẹ́lẹ́ tó jọ aṣọ tí wọ́n ń dà bo èèyàn. Fisáyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó dúró níwájú ìsọ̀, ó mi ẹnu. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn ń bọ̀, ó jìnnà, ó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ìlú kejì. U, ló wí. U...

Fóònù ló ń dún. Ó ta jí, ó tẹ ìpè Wáàsáàpù náà láìgbé fóònù, ohùn sì jáde síta.

"Ṣé ẹ ti fá a?" Ohùn ọkùnrin ni, ohùn àgbà, ó sì ń mí bí ẹni tó sáré. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fá a o!"

"Ta nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, sà?"

"Adéwùnmí ni mò ń jẹ́. Kánádà ni mo wà, yìnyín ti dí wa mọ́lé. Mo ń wo fídíò yín, nọ́ńbà yín ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí yín tí ẹ mú ọ̀bẹ. Mo ń pariwo nínú kíṣìnnì mi, ìyàwó mi rò pé nǹkan jó mi ni."

Tèmídayọ̀ wo fóònù. Kò pa fídíò náà láti àárọ̀. Ìpè yìí ló gé e. Gbogbo ẹ̀rín Bùsọ́lá, gbogbo àwíjàre màmá, ayé ti gbọ́ ọ.

"Ẹ dárí jì wá, sà. Àṣìṣe ni. Mo fẹ́ kọ ojúlówó Yorùbá..."

"Àbúrò, tẹ́tí. Àwọn ọmọ mi kọ́ Yorùbá lórí fóònù, wọ́n mọ ilé, wọ́n mọ iṣu. Màmá mi wà níbẹ̀ yẹn, ní Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀. Bó bá pè, tó ní kí wọ́n wá sí ulé, àbíkẹ́yìn mi á ní, 'Dádì, màmá àgbà ò gbọ́ Yorùbá.'" Ó fun imú rẹ̀. "Ọmọ mi ní ìyá mi ò gbọ́ Yorùbá. Mo fẹ́ èyí tó ní uṣu. Gbogbo àwa ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti Ẹmùré tí a wà níhìn-ín ló ń bèèrè. Wo abẹ́ fídíò rẹ."

Tèmídayọ̀ wò ó. Ọ̀rọ̀ ń gun orí ara wọn bí èèrà: ẹnì kan ní Ọsirélíà, ẹnì kan ní Jọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì kan láti Dúbúlìn tó ní òun kò gbọ́ "uná" láti ìgbà tí ìyá òun ti kú. Fisáyọ̀ kò sí láàárín wọn.

Màmá ti dé ojú fèrèsé. "Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní kí màmá wọlé wá gbọ́. Màmá tẹ́tí, títí. Nígbà tó kúrò nídìí fóònù, ó fi etí gèlè nu ojú. "Elijah yóò kàn jẹ iyán, yóò sì dá padà sí Àbújá," ló wí. "Èmi ni màá bá a sọ ọ́."

"Àbúrò," ni ohùn Adéwùnmí ń pè, "jẹ́ kí n rí ilé náà dáadáa. Láàárọ̀, ọwọ́ rẹ bo ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ má bínú, sà, ẹyọ yẹn ti..."

Ó fa fóònù náà sọ́dọ̀ kí ó lè sọ ìpè náà di ti fídíò, kó sì yí i sí àwòrán. Ohun tó ti ń gbé e dúró láti ọjọ́ Tusidé, tó ń fi há a lẹ́yìn láràárọ̀ láìwò ó kó má baà yọ̀, ṣubú sórí tábìlì, ó sì dojú délẹ̀: pákó kékeré kan. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, irin gbígbóná ti kọ ọ́ ketekete, *ulé*.