Igi Ìdáná Tí A Dì fún Àlejò

Ẹ wò ó, ìmọ́tótó ló fẹ́ ba tiwa jẹ́ lọ́dún yẹn! A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò jà ní abà wa, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ó sì hú kòkó Baba Jìmí, ọkọ mi, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti dákẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀, yóò sì fà á gùn bí ẹni ń kọrin. Lẹ́yìn ìjì, kò pè mí ní nǹkan kan mọ́. Gbọ́njúbọ́lá, oníṣòwò kòkó ará Adégbayì, ti wá yẹ ilẹ̀ náà wò. Bí a kò bá rówó tún kòkó gbìn, ọwọ́ rẹ̀ la máa fi ilẹ̀ dúró sí láti yáwó, a ò sì mọ ọjọ́ tí a ó gbà á padà.

Àfi bí a ṣe gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ tí ìjì ba oko wọn jẹ́ lówó ìrànwọ́, pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wò ó. Ha! Baba Fárìndé, baálẹ̀ wa, ní àlejò ìjọba kò gbọdọ̀ bá wa nínú ìdọ̀tí. Ni gbogbo abà bá tú jáde. A gé àwọn kòkó tó wó, a là wọ́n, a tò wọ́n jọ sẹ́yìn ilé ìdáná kálukú. A dí gbogbo ihò tí gbòǹgbò wọn fi sílẹ̀, a gbin àgbàdo lé e. Nígbà tí ọ̀gá náà fi máa dé, àgbàdo ti ga dé orúnkún, gbogbo abà sì ń dán.

Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí tó wọ ṣòkòtò péńpé. Mo gbé iyán àti ẹran ìgalà fún un. Ó jẹun tán, ó ní ká mú òun lọ síbi tí ìjì ti jà.

"Ibẹ̀ la dúró sí yìí, ọ̀gá," Baba Jìmí sọ.

"Baba, àgbàdo yín dára. Kòkó dà?"

"Ìjì ti wó o. A ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú, Baba. Níbi tí mo ti ń bọ̀, igbó lásán ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní oko kòkó ni. Ohun tí mo bá fojú rí nìkan ni mo lè kọ."

Ọkọ mi kàn jókòó sílẹ̀ láàárín àgbàdo.

Kí ọkùnrin náà tó wọ mọ́tò, Baba Fárìndé ní kí n di iṣu àti igi ìdáná fún un, pé àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

"Fún ta ni? Ẹni tí kò fẹ́ kọ orúkọ wa sílẹ̀?"

"Ìyàwó, àlejò ni."

Mo lọ di igi, ẹnu mi ò sì dákẹ́. Mo gbé e débi mọ́tò, mo là á mọ́lẹ̀, gbì! Okùn já, igi fọ́n ká síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Èso kòkó kéékèèké, tó ti gbẹ, tó ti dúdú, ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ta ló ń fi kòkó tó ń so dáná?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò rí kòkó! Ẹ wá sẹ́yìn ilé, kí ẹ wá rí i!"

Ó tẹ̀ lé mi. Ẹ̀yìn gbogbo ilé ìdáná la ti rí i, kòkó tí a tò kan òrùlé. Ó káwọ́ lérí.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kó o kúrò lóko?"

"Àlejò ń bọ̀, ẹ ní ká má gbálẹ̀?"

Ẹ̀rín pa á. Ó ní bí ìyá òun náà ì bá ṣe ṣe é nìyẹn. Bí a ṣe padà débi mọ́tò, orí rẹ̀ ló ti kọ orúkọ wa.

Owó náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Lọ́jọ́ tí Baba Jìmí gbà á, ó ru ọmọ kòkó tí a ó gbìn wálé. Gbọ́njúbọ́lá kọjá, ó kí wa, ó bá tiẹ̀ lọ. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀! Mo kó nínú igi kòkó yẹn, mo fi se iṣu iyán. Ọkọ mi na ara sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé ó ti sùn.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "iṣu ọ̀hún ò tíì jinná ni?"

Mo gbọ́ o. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè tún un pè.