Ìgò Olówùú Pupa

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí iṣẹ́ rẹ bá jẹ́ kí o máa bu ọtí fún ènìyàn, mo bẹ̀ ọ́, máa tọ́ ọ wò kí o tó bù ú. Má sọ pé o mọ ìgò rẹ. Àkànkẹ́ náà rò pé òun mọ tirẹ̀.

Ilé ọtí kan ní Madina, àdúgbò kan ní Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, ló ti ń bu ọtí. Ìgò méjì tó jọra wà lẹ́yìn káńtà rẹ̀. Ògógóró tí wọ́n rẹ egbò igi sí ló wà nínú ọ̀kan. Omi lásán tí òun fúnra rẹ̀ rẹ egbò kan náà sí ló wà nínú èkejì, ó sì so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti sọ fún àgbàlagbà pé ó ti yó. Bí ojú ẹnì kan bá ti ń pọ́n, á rẹ́rìn-ín, á ní ọ̀fẹ́ nìyí, á bu ti olówùú fún un. Ìkorò egbò ló ń tàn wọ́n. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Tamílọ́rẹ tó ni ilé ọtí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Bàbá Àrówólò wọlé. Ará ìlú kan náà ni wọ́n, bàbá yìí ló bá a wá iṣẹ́ nígbà tó dé Accra. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ jẹ́léósinmi lọ sílé ló ń wà. Àkànkẹ́ rántí àwọn ọmọ náà, ló bá tètè fa ìgò olówùú yọ. Ó bu, ó tún bu. Bàbá ń ṣàdúrà fún un, ó ní bí ìyàwó òun bá lawọ́ báyìí, òun kì bá tí máa jáde nílé.

Àfi bí ahọ́n bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó na ọwọ́ sí ife, ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Àkànkẹ́ wò ó. Ó wo ìgò. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó ta á lẹ́nu bí iná.

Ó sáré bá Tamílọ́rẹ ní ẹ̀yìn. Ìyẹn ní òun tọ́ ọ wò láàárọ̀, omi ni, òun dà á nù, òun sì rọ ojúlówó sí i kí wọ́n má baà pe àwọn ní oníjìbìtì.

Nígbà tí Àkànkẹ́ padà, bàbá ti lọ tọ̀, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sì wà lórí tábìlì. Ó mú un, ó rì í sínú garawa omi ọṣẹ tó fi ń fọ ife.

Bàbá dé, ó wo abẹ́ àga, ó tú àpò. Fóònù rẹ̀ ń dún. Ilé ìwé ni. Ó ní òun ti ń bọ̀.

"Àkànkẹ́, kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ò lè wa mọ́tò báyìí. Ẹ ti yó."

Àwọn tó jókòó ń rẹ́rìn-ín pé àwọn Alata, ìyẹn àwọn Yorùbá lẹ́nu àwọn ará Ghana, ti fẹ́ jà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ọn.

"Ṣebí ìwọ lo bù ú fún mi? O ní ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá ní òun máa pe ilé, kí ìyá Àkànkẹ́ mọ̀ pé olè ni ó bí. Tamílọ́rẹ jáde wá, ó ní kí Àkànkẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ fún bàbá kí ariwo má baà lé oníbàárà lọ.

"Màdáámù, ẹ bá mi pe ilé ìwé yẹn kí wọ́n wá awakọ̀ míì."

"Níbo lo fi kọ́kọ́rọ́ sí?" ni Tamílọ́rẹ bi í.

Àkànkẹ́ dìde, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú garawa, ó di irin náà mú lábẹ́ ìfófòó ọṣẹ. Fóònù bàbá tún ń dún.

"Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́," ló wí, kò sì yọ ọwọ́ kúrò nínú omi.